Ilé Olódi Balógun àti Ọjà Nishiki

Ní ìlú Kyoto, nílẹ̀ Jàpáànù, ibi méjì wà tí kò jìnnà síra wọn. Ọ̀kan jẹ́ ilé olódi tí balógun kan kọ́ kí ọba má baà gbàgbé ẹni tó ń pàṣẹ. Èkejì jẹ́ ọjà tóóró kan tí wọ́n ti ń ta ẹja àti ẹ̀fọ́ láti ayébáyé. Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì, kò lè gbà á ju bí ìdajì wákàtí lọ. Àwọn àlejò tó ń wá láti gbogbo ayé a máa wo méjèèjì lọ́jọ́ kan náà: wọn a ya fótò láàárọ̀, wọn a jẹun lọ́sàn-án, ó di gbére. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ibi méjèèjì wé mọ́ra bí okùn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ògiri lásán àti ẹja lásán ni yóò rí.

Kí á tó wọ inú odi náà, ó yẹ ká mọ ẹni tó ni ín. Àwọn ará Jàpáànù ní ọba tiwọn, Kyoto ni ọba náà sì fi ṣe ibùjókòó láti ọdún 794. Ọba ló ni adé. Ọba ló ni iyì. Wọ́n ní àtọmọdọ́mọ òrìṣà oòrùn ni. Ṣùgbọ́n agbára ńkọ́? Láti ọdún 1192 ni agbára ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ológun, olórí wọn ni wọ́n sì ń pè ní ṣógùn. (Ẹ má jẹ́ kí ìró ọ̀rọ̀ náà tàn yín jẹ: kò bá ogun tiwa tan rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun náà ló fi ń jẹun.) Ọba a fi ṣógùn joyè, ṣógùn a tẹríba, a dúpẹ́, a sì padà sílé rẹ̀ lọ máa pàṣẹ fún gbogbo ilẹ̀, tọba tìjòyè. Ẹni tó bá mọ ìtàn Baṣọ̀run Gáà ní Ọ̀yọ́ kò ní béèrè bí irú rẹ̀ ṣe ń rí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Gáà lo ogún ọdún péré, ó tẹ́, ó sì lọ. Ti Jàpáànù, ìdílé kan ń gbà á lọ́wọ́ ìdílé kejì, títí ó fi lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún.

Ìdílé tó gbà á kẹ́yìn ni ìdílé Tokugawa. Ní ọdún 1600, Tokugawa Ieyasu ṣẹ́gun àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní Sekigahara, ogun ọjọ́ kan ṣoṣo tó yí ìtàn ilẹ̀ náà padà. Lọ́dún 1601 ó pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ ilé olódi Nijo sí Kyoto, àwọn ìjòyè ńlá apá ìwọ̀-oòrùn ló sì di ẹrù iṣẹ́ náà lé lórí. Ẹ wo ọgbọ́n! Ẹni tó ń náwó sórí ilé onílé kò ní rówó ra ohun ìjà. Nígbà tó di ọdún 1603, ọba fi Ieyasu jẹ ṣógùn, inú ilé tuntun yìí ló sì ti ṣe àjọyọ̀ oyè náà. Kyoto kọ́ ló ń gbé o. Edo ni ibùjókòó rẹ̀, ìyẹn ìlú tí à ń pè ní Tokyo lónìí, ìrìn bí ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ó kàn fẹ́ ní ilé nítòsí ààfin ni, tí yóò wọ̀ sí bó bá wá kí kábíyèsí, tí kábíyèsí náà yóò sì máa rí nígbà tí onílé kò bá tilẹ̀ sí nílé.

Láti ìta, Nijo kò ga fíofío bí àwọn ilé olódi mìíràn ní Jàpáànù. Yàrà ló yí i ká, omi kún inú rẹ̀, ògiri òkúta sì dìde láti inú omi náà láìsí pé wọ́n fi nǹkan kan lẹ òkúta pọ̀. Yàrà kejì tún wà nínú. Ẹnu ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Karamon ni èèyàn ń gbà dé ààfin Ninomaru. Igi ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n gbẹ́ ẹyẹ àti òdòdó sí i lára, wọ́n fi àwọ̀ àti wúrà kùn ún. Mo wòkè níbẹ̀ títí ọrùn fi ń ro mí, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń yà mí kọjá.

Lẹ́nu ilé, ẹ ó bọ́ bàtà. Bó ṣe gómìnà ni yín, ẹ ó bọ́ ọ. Ilé mẹ́fà ni wọ́n so mọ́ra, yàrá 33 ló wà nínú wọn, ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ sì lé ní 800. Kò sí àga, kò sí tábìlì. Igi ni òpó, igi ni ilẹ̀, igi àti pépà ni ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá sì ti gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀dẹ̀dẹ̀, pákó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹyẹ lábẹ́ yín. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o, ẹ sáré tẹ̀ ẹ́ o, yóò ké. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún àlejò ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí apààyàn má baà lè yọ́ wọlé lóru. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú ilé náà ti wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ìṣó àti irin tó di pákó mú ló ń ha ara wọn bí pákó ti ń gbó. Èmi ò bá wọn jiyàn. Mo kàn ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ iléèwé tó wà níwájú mi kò fẹ́ gbọ́ ti ìṣó rárá. Apààyàn ni wọ́n ń wá.

Àwòrán ara ògiri ló ń sọ òtítọ́ ilé náà jù. Ní ilé àkọ́kọ́, níbi tí àwọn ìjòyè tó wá kí ṣógùn ti ń dúró de ìpè, ẹkùn ni wọ́n yà káàkiri lórí wúrà. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹkùn nínú igbó Jàpáànù. Awọ tí àwọn oníṣòwò ń kó wọ̀lú ni àwọn ayàwòrán ìdílé Kano wò ya gbogbo rẹ̀. Wọ́n rí awọ onílà, wọ́n rí awọ alámì tóótòòtó, wọ́n ní ọ̀kan ni akọ, èkejì ni abo, wọ́n sì yà wọ́n pọ̀ bíi tọkọtaya. Ọmọ ọdẹ ilẹ̀ wa ìbá rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ìjòyè tó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, tí kò mọ̀ bóyá orí rẹ̀ yóò bá a délé, kò jọ pé ó rẹ́rìn-ín.

Bí èèyàn bá ṣe sún mọ́ ìdílé Tokugawa tó ni yóò ṣe wọ inú tó. Àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀yìn Sekigahara ni wọ́n tó tẹríba kì í kọjá gbọ̀ngàn ńlá. Àwọn tí ìdílé wọn ti ń sin Tokugawa tipẹ́ ń wọ gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Yàrá ṣógùn fúnra rẹ̀ ló wà níkẹyìn, obìnrin nìkan ló sì ń ṣe ìránṣẹ́ níbẹ̀. Kò sí ẹkùn lára ògiri ibẹ̀ o. Òkè àti odò ni wọ́n fi tàdáwà yà, kí ọkàn lè balẹ̀. Ẹni tó ń dẹ́rù ba èèyàn náà ń fẹ́ ibi tí yóò ti sùn. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, ibi tí ṣógùn ń jókòó sí fi àtẹ̀gùn kan ga ju ibi tí àwọn ìjòyè ti ń dojú bolẹ̀. Àtẹ̀gùn kan péré. Ẹni tó bá ti wọ ààfin ọba nílẹ̀ wa rí mọ ohun tí àtẹ̀gùn kan lè ṣe.

Ní ọdún 1626, ọba fúnra rẹ̀, Go-Mizunoo, jáde láàfin, ó wá sí Nijo, ó sì lo ọjọ́ márùn-ún. Iemitsu, ṣógùn kẹta, ló gbà á lálejò pẹ̀lú Hidetada, bàbá rẹ̀. Ọmọ Hidetada sì ni ayaba. Nítorí àlejò yìí ni wọ́n ṣe fẹ odi náà sí i, tí wọ́n kọ́ ilé gogoro alájà márùn-ún sínú rẹ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n kọrin. Ṣùgbọ́n èèyàn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà lọ́jọ́ náà kò nílò alásọyé: ọba ló wá kí ìránṣẹ́ rẹ̀ nílé, kì í ṣe ìránṣẹ́ ló lọ kí ọba.

Iemitsu tún padà wá ní 1634, àwọn tó kó lẹ́yìn tó 300,000. Lẹ́yìn èyí, kò sí ṣógùn tó tún fẹsẹ̀ tẹ Nijo fún ọdún 229. Mo ní ọdún 229! Gbogbo wúrà yẹn, gbogbo ẹkùn yẹn, àwọn ẹ̀ṣọ́ nìkan ló ń wò wọ́n. Ní 1750 àrá sán lu ilé gogoro náà, ó jóná, wọn ò sì tún un kọ́ mọ́. Ní 1788 iná ńlá kan jó ọ̀pọ̀ nínú ìlú Kyoto, ó fò yàrà wọlé, ó jó ààfin tó wà láàárín gbùngbùn odi. Ninomaru nìkan ló kù.

Ẹ má rò pé nítorí ilé náà ṣófo, ìjọba kò sí nílùú. Àwọn aṣojú ṣógùn wà lẹ́bàá odi náà gan-an. Adájọ́ ìlú méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́, tí wọ́n ń fún ọlọ́jà láṣẹ, tí wọ́n sì lè gba àṣẹ náà padà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ ọjà Nishiki ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́.

Ọjà ọ̀hún wà lápá ìlà-oòrùn odi, láàárín àdúgbò tí ilé ìtajà ńláńlá àti bọ́ọ̀sì kún báyìí. Òpópónà kan ṣoṣo ni, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 390 mítà, ó tóóró débi pé bí ìyá àgbà méjì bá dúró kí ara wọn, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Wọ́n ti fi òrùlé aláwọ̀ pupa, ìyeyè àti ewéko bò ó, nítorí náà òjò kì í pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́tùn-ún lósì lé ní 100. Orúkọ rẹ̀, Nishiki, jẹ́ orúkọ aṣọ olówó iyebíye kan tí wọ́n ń fi òwú aláràbarà hun, bí ìgbà tí àwa bá sọ ọjà ní Ọjà Sányán. Ṣùgbọ́n orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Gusoku ni òpópónà náà ń jẹ́. Ẹnu àwọn ará ìlú bá yí i sí Kuso, èyí tó túmọ̀ sí ìgbẹ́. Lọ́dún 1054, ọba pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, pé Nishiki ni kí wọ́n máa pè é. Ó dájú pé ẹni tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ kábíyèsí.

Nílẹ̀ Yorùbá, iwájú ààfin ni ọjà ọba máa ń wà. Ti Nishiki kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ló pè é síbẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó sì mọ́; kì í gbóná lásìkò ooru, kì í dì lásìkò òtútù. Àwọn ẹlẹ́ja gbẹ́ kànga, wọ́n ń sọ ẹja àti ẹran ẹyẹ kalẹ̀ sínú rẹ̀ kó má baà bàjẹ́. Fíríìjì wọn nìyẹn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí oyinbó tó ṣe fíríìjì. Ní ọdún 1615, ọdún kan náà tí Ieyasu jáde ní Nijo tó lọ pa ìdílé Toyotomi run ní Osaka, ìjọba rẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́ja Nishiki láṣẹ láti máa ta ẹja lọ́pọ̀. Ibi mẹ́ta péré ló gba irú àṣẹ yẹn ní gbogbo Kyoto. Ọwọ́ tó ń fi idà pa ìdílé kan ni ọwọ́ tó tẹ òǹtẹ̀ fún ẹlẹ́ja. Bí ìjọba ṣe rí nìyẹn: ó gbọ́dọ̀ jẹun, ìlú gbọ́dọ̀ jẹun, owó orí náà gbọ́dọ̀ wọlé.

Ohun tó jọ mí lójú ni bí ẹja ṣe ń dé ibẹ̀, nítorí Kyoto kò sí létí òkun. Ẹja Titus, bí àwọn ìyá ọlọ́jà wa ṣe ń pè é, láti etíkun Wakasa ní àríwá ni wọ́n ti ń rù ú wá, ọ̀nà tó lé ní 70 kìlómítà, òkè sọ̀kalẹ̀, òkè gùn. Wọ́n á fi iyọ̀ rẹ́ ẹ létíkun. Nígbà tí alágbàárù bá fi máa dé Kyoto, iyọ̀ ti wọlé dáadáa, ó di àdídùn. Ọ̀nà náà ń jẹ́ Ọ̀nà Ẹja Titus ní èdè wọn títí dòní. Láti Osaka ni wọ́n ti ń gbé hamo wá, ẹja kan tó gùn bí ejò, tó léyín bí ayùn, tí ẹ̀mí rẹ̀ sì le débi pé yóò máa mí títí yóò fi dé Kyoto nínú ooru oṣù keje. Egungun ara rẹ̀ kò lóǹkà. Alásè Kyoto kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ láìjẹ́ kí awọ já, kí egungun lè di nǹkan tí ọ̀fun kò mọ̀. Ewé inú òkun tí wọ́n fi ń ṣe omi ọbẹ̀ ńkọ́? Hokkaido ni, òpin ilẹ̀ náà pátápátá, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e bọ̀. Ìlú tí kò ní òkun wá di ìlú tó mọ ẹja sè ju àwọn elétíkun lọ.

Ọmọ Yorùbá tó bá wọ ọjà yìí kò ní ṣàjèjì pátápátá. Yóò rí ẹja gbígbẹ tó le bí igi, tí wọ́n ń fá bíi pé káfíńtà ń fá pákó, yóò rántí panla. Yóò gbóòórùn ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè tí wọ́n sì jẹ́ kó kan, imú rẹ̀ yóò sọ fún un pé irú wà nítòsí. Wàrà sóyà wà lóríṣiríṣi. Ìgbá wọn tóbi, ó rí roboto bí bọ́ọ̀lù. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ kún inú agbada onígi. Ẹnì kan ń din ẹyin, ó ń ká a bí ẹní, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ariwo tiwa. Wọ́n ń pe oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbìyànjú láti ná ọjà. Iye tí wọ́n kọ sí i ni iye rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀bẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Aritsugu. Ọdún 1560 ni ìdílé náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, idà ni wọ́n sì ń rọ. Nígbà tí ogun rọlẹ̀ tí ẹni tó ń ra idà dínkù, wọ́n yí ọwọ́ padà sí ọ̀bẹ ìdáná. Irin yẹn náà ni, iná yẹn náà ni. Àwọn alásè ń ti ọ̀nà jíjìn wá rà á.

Ọjà yìí ni wọ́n bí Ito Jakuchu sí ní 1716. Bàbá rẹ̀ ni olórí ṣọ́ọ̀bù Masuya, tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́pọ̀. Bàbá kú nígbà tí Jakuchu lé díẹ̀ ní ogún ọdún, gbogbo ẹrù ìdílé já lé e lórí. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwòrán ló ń yà. Ó kó adìyẹ sí ẹ̀yìnkùlé, kì í ṣe láti pa jẹ, láti máa wò wọ́n ni, títí ó fi mọ ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan lára àkùkọ. Wọ́n ní ó rí ẹyẹ ológoṣẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà fún sísun jẹ, ó ra gbogbo rẹ̀, ó tú wọn sílẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ohun tí àwọn ọlọ́jà yóò máa sọ lẹ́yìn rẹ̀! Nígbà tó pé ogójì ọdún lọ́nà ìṣírò tiwọn, ní 1755, ó fa ṣọ́ọ̀bù lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì jókòó ti àwòrán. Ní ọdún bíi mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, ó ya ẹyẹ, ẹja, òdòdó àti kòkòrò sórí aṣọ ṣẹ́dà, aṣọ 30 lápapọ̀, ó sì fi wọ́n ta tẹ́ńpìlì Shokokuji lọ́rẹ. Àlùfáà Daiten, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Jakuchu kò mọ nǹkan kan nínú ayé ju àwòrán lọ. Gbogbo èèyàn gbà bẹ́ẹ̀. Fún nǹkan bí igba ọdún, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn: ayàwòrán tí orí rẹ̀ wà nínú ìkùukùu.

Ìwé àkọsílẹ̀ ọjà náà ló wá sọ nǹkan mìíràn, nígbà tí àwọn òpìtàn ayé òde òní tú u wò. Ní òpin ọdún 1771, nígbà tí Jakuchu ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó sì jẹ́ àgbà àdúgbò nínú ọjà, ọ̀rọ̀ dé láti ọ̀dọ̀ adájọ́ ìlú lẹ́bàá odi Nijo. Wọ́n ń béèrè àṣẹ tí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ Nishiki fi ń tajà. Àṣẹ ẹja ti wà láti 1615. Ti ẹ̀fọ́ ńkọ́? Àwọn oníṣòwò ẹ̀fọ́ ní òpópónà Gojo ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fẹ́ kí Nishiki pa, kí gbogbo ẹ̀fọ́ lè máa gba ọwọ́ tiwọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá ọjà ẹ̀fọ́ náà dúró.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọkùnrin tí wọ́n ní kò mọ nǹkan kan ju adìyẹ lọ gbé kálàmù àwòrán sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ó ń lọ sọ́dọ̀ adájọ́, ó ń bọ̀. Ó wádìí lọ́wọ́ àwọn tó mọ òfin. Nígbà tó rí i pé ohùn ọlọ́jà nìkan kò tó, ó ronú kan àwọn àgbẹ̀ abúlé tó ń ru ẹ̀fọ́ wá sí Nishiki. Bí ọjà bá pa, ta ni yóò ra ẹrù wọn? Ẹnu onígbèsè ọjà lè má wọ etí ìjọba, ṣùgbọ́n ẹnu àgbẹ̀ ń wọ̀ ọ́, nítorí ìrẹsì àgbẹ̀ ni owó orí ìjọba. Àwọn àgbẹ̀ bá fọwọ́ sí i, wọ́n ní Nishiki làwọn fẹ́. Ó tilẹ̀ múra tán láti mú ẹjọ́ náà dé Edo. Nígbà ayé àwọn Tokugawa, ẹni tó bá gbé ẹjọ́ fò ga lórí aláṣẹ àdúgbò rẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́jà gbà láti máa san fàdákà fún ìjọba lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ náà gbà wọ́n tó ọdún méjì àti ààbọ̀. Ní 1774, wọ́n fún wọn láṣẹ, ọjà dúró. (Ọdún yẹn gan-an ni Gáà ṣubú ní Ọ̀yọ́. Kò sí nǹkan kan tó so méjèèjì pọ̀, ó kàn wá sí mi lọ́kàn ni.)

Ó jọ pé Jakuchu kò ya àwòrán púpọ̀ ní àwọn ọdún ẹjọ́ yẹn. Èyí tó yà lẹ́yìn rẹ̀ tó wù mí jù wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Kyoto. Bí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ṣe máa ń ya ikú Búdà, tí ó sùn sáàárín, tí èèyàn àti ẹranko yí i ká tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀, bẹ́ẹ̀ ló yà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ni gbogbo wọn. Rádíṣì funfun gbọ̀ngbọ̀n kan ló dùbúlẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀ bí olóògbé. Ìgbá, elégédé, olú àti iṣu lóríṣiríṣi yí i ká. Àwọn kan ní ẹ̀fẹ̀ ni. Èmi wò ó, n kò rí ẹ̀fẹ̀ kankan. Ẹni tó ti rí ọjà ẹ̀fọ́ tí wọ́n tì pa, tó rí ẹrù tó ń rà sílẹ̀, ló ya nǹkan yẹn.

Iná 1788 tó wọ odi Nijo ló jó ilé Jakuchu náà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó wá ń ya àwòrán jẹun, òṣùwọ̀n ìrẹsì kan fún àwòrán kan, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Bàbá Olóṣùwọ̀n Ìrẹsì. Ó kú ní ọdún 1800.

Ní 1863 ni ṣógùn tó tún padà wá sí Nijo, Iemochi, ìkẹrìnlá nínú wọn. Kò kó 300,000 wá mọ́. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ti dé etíkun Jàpáànù láti 1853, àwọn ìjòyè ti ń ṣọ̀tẹ̀, ọba sì ti ń sọ̀rọ̀ sókè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1867, Yoshinobu, ṣógùn kẹẹ̀ẹ́dógún, pe aṣojú bí ogójì nínú àwọn ìdílé ìjòyè jọ sínú gbọ̀ngàn ńlá Ninomaru. Ó ní òun fẹ́ dá agbára padà fún ọba. Nínú ilé tí Ieyasu ti ṣe àjọyọ̀ oyè náà ni wọ́n ti gbé e sílẹ̀. Ní 1869 ọba fúnra rẹ̀ kó lọ sí Tokyo. Ní 1884 Nijo di ilé ìsinmi ìdílé ọba, wọ́n sì yọ ọ̀pọ̀ nínú àmì ewé mẹ́ta tó jẹ́ àmì Tokugawa lára igi àti irin ilé náà, wọ́n fi òdòdó ọba rọ́pò rẹ̀. Ní 1939 wọ́n fún ìlú Kyoto. Ní 1994, àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé. Àtẹ̀gùn kan tí ṣógùn fi ga ju ìjòyè lọ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lè dúró wò ó.

Ọjà ńkọ́? Òun náà ti rí màbo. Lọ́dún 1918 ìrẹsì wọ́n gógó, àwọn ìyàwó apẹja ní Toyama dìde, rògbòdìyàn sì gba ilẹ̀ náà kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìjọba ṣe òfin pé kí ìlú ńláńlá ní ọjà àpapọ̀ kan tí wọn yóò ti máa ta oúnjẹ lọ́pọ̀, kí owó oúnjẹ lè wálẹ̀. Ti Kyoto, tí wọ́n ṣí ní 1927, ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Jàpáànù. Àwọn tó ń ta ẹja lọ́pọ̀ ní Nishiki kó lọ síbẹ̀. Àwọn tó kù gbà láti máa ta díẹ̀díẹ̀ fún alásè àti ìyàwó ilé, wọ́n sì di ẹni tí wọ́n ń pè ní ilé ìdáná Kyoto.

Ìyọnu tó wà nílẹ̀ báyìí kò ti ọ̀dọ̀ adájọ́ kankan wá. Àlejò ni. Wọ́n pọ̀ débi pé ìyá àgbà tó fẹ́ ra ewé òkun fún ọbẹ̀ kò rí ọ̀nà kọjá. Ohun tí àlejò sì ń wá yàtọ̀. Ẹja tútù kò wúlò fún ẹni tó ń gbé hòtẹ́ẹ̀lì. Ohun tó ṣeé jẹ lórí ìdúró ló ń fẹ́: ẹran orí igi, ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kékeré tí wọ́n ti ẹyin àparò bọ̀ lórí. Ọlọ́jà tó bá ta irú èyí yóò pa owó kíákíá. Èyí tó ń ta ẹja ń wò ó. Lọ́dún 2018 ẹgbẹ́ ọlọ́jà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má máa jẹun rìn nínú ọjà, wọ́n gbé ìwé rẹ̀ kọ́ káàkiri ní èdè orísìírísìí. Àwọn kan ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí àrùn Kòrónà sì ti ẹnubodè pa láti 2020, tí àlejò kò wá mọ́, àwọn tó ti fi oníbàárà ìlú sílẹ̀ nítorí àlejò ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi: n kò bínú sí ẹni tó ń ta ẹran orí igi, ó fẹ́ jẹun ni. Ṣùgbọ́n ọjà tí kò bọ́ ìlú rẹ̀ mọ́, tó jẹ́ àlejò nìkan ló ń bọ́, n kò mọ ohun tó fi sàn ju ilé olódi oní-tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lọ.

Ọjà Nishiki kì í pẹ́ alẹ́. Bó bá ti ń di bí aago márùn-ún sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹlẹ́ja a da omi sílẹ̀, a gbálẹ̀, a fa ilẹ̀kùn onírin wálẹ̀. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, àwọn ọlọ́jà ti ya iṣẹ́ Jakuchu sára àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn, nítorí náà àwọn tó bá wá lọ́sàn-án kì í rí wọn. Ìgbà tí kò bá sí ohun títà mọ́ ni àkùkọ rẹ̀ tó ń yọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, lọ́tùn-ún lósì, láti ìpẹ̀kun Teramachi títí dé ẹnu ọ̀nà Takakura, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.